Àbùkù Inú Jíìnì KIF5A àti Ẹsẹ̀ Tí Ó Ń Le
Bí alábàárù ṣe ń gbé ẹrù la ọjà Adjamé já ní Abidjan ni purotéènì kan ṣe ń gbé ohun èlò la sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára já. Jíìnì KIF5A ni ara fi ń ṣe é. Bí jíìnì náà bá ní àbùkù, ẹrù kì í dé òpin okùn sẹ́ẹ̀lì bí ó ṣe yẹ; ẹsẹ̀ a máa le, ìmọ̀lára rẹ̀ a sì lè dínkù. Ní 2017, àwọn oníṣègùn ròyìn irú rẹ̀ lára aláìsàn kan láti Mali, orílẹ̀-èdè tí ó bá Côte d'Ivoire pààlà.

Àìsàn yìí kì í ràn, kì í sì í ṣe àsàsí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fẹ̀sùn kan ìyàwó ilé. Bí òbí kan bá ní àbùkù náà, ọmọ kọ̀ọ̀kan lè jogún rẹ̀, ìdajì sí ìdajì. Kò tíì sí oògùn tí ó ń wò ó sàn, ṣùgbọ́n ìtọ́jú onídàárayá àti oògùn baclofen lè dẹ ẹsẹ̀ tí ó le.