Kí Mọ́tò Yín Tó Wọ Pápá Eré: Ẹ Kọ́kọ́ Wo Bíréèkì

Tí àwọn ọ̀dọ́ bá ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ asáré, yálà ní ọgbà FUOYE tó wà ní Ìkọ̀lé, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, tàbí lábẹ́ ìbòòji àwọn mẹkáníìkì ní Ìfàkì, ẹ́ńjìnì lọ̀rọ̀ máa ń dá lé. Báwo ló ṣe lágbára tó? Ìṣẹ́jú àáyá mélòó ló fi ń dé 100? Ẹ ò ní gbọ́ kí wọ́n bèèrè ìṣẹ́jú àáyá mélòó ló fi ń dúró. Ìdúró yẹn gan-an ló sì máa ń kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí èèyàn bá gbé ọkọ̀ títì wọ pápá.

Pápá wo? Láwọn orílẹ̀-èdè kan, àwọn tó ni pápá ìdíje ọkọ̀ máa ń ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fún àwa èèyàn lásán. Ẹ sanwó, ẹ gbé ọkọ̀ tí ẹ fi ń lọ síbi iṣẹ́ wá, ẹ sì sáré. Track day ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ìdíje, kò sẹ́ni tó máa gba ife. Brands Hatch ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, àwọn ọmọ wa tó wà ní Peckham kò sì jìnnà síbẹ̀. Ní Áfíríkà, Kyalami wà láàárín Johannesburg àti Pretoria. Níbẹ̀, ọ̀nà kan náà ni gbogbo ọkọ̀ ń kọjú sí, kò sí màlúù tó máa já sọ́nà, áńbúláǹsì sì wà nítòsí. Ní Òsì-Èkìtì wa níbí, a ò ní irú ẹ̀. Títì Ìfàkì sí Ìkọ̀lé kì í ṣe pápá, ì báà jẹ́ lóru. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ẹ mú ọkọ̀ kékeré bíi Mazda MX-5, tó jẹ́ ààyò ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ká ní òun àti awakọ̀ wọn 1,200 kg. Ó ń bọ̀ ní 160 km/h, kọ́nà wà níwájú, ó gbọ́dọ̀ já eré náà wálẹ̀ sí 60. Agbára tó wà lára ohun tó ń sáré jẹ́ ìdajì ìwọ̀n rẹ̀, ní ìlọ́po eré ní ìlọ́po eré. Nítorí náà, tí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára á di ìlọ́po mẹ́rin. Tí ẹ bá ṣe é dópin, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan joule ló gbọ́dọ̀ kúrò lára ọkọ̀ yẹn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 3 sí 4. Kì í sì í parẹ́, ooru ló ń dà. Ó tó láti mú lítà 3 omi hó! Ẹ gbé lítà 3 kaná lórí gáàsì nílé, kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa pẹ́ tó. Bíréèkì ṣe tiẹ̀ kí èèyàn tó sín lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ìgboro, láti 80 dé ìdúró pátápátá, ooru tó ń jáde kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìyẹn, bíréèkì á sì ráyè tutù. Ní pápá, kọ́nà mìíràn ti ń dúró. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, ìwúwo ọkọ̀ á ṣí síwájú, torí náà bíréèkì iwájú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ká ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni tiwọn, tí dísìkì kọ̀ọ̀kan sì wọn 5 kg, ìtẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré lè fi nǹkan bí 140 °C kún ooru dísìkì kí atẹ́gùn tó fẹ́ ẹ.

Pádì tí wọ́n ṣe fún títì níbi tí agbára rẹ̀ mọ. Tó bá gbóná kọjá ibẹ̀, bíréèkì á le gbagidi lẹ́sẹ̀ yín, ọkọ̀ ò sì ní fẹ́ dúró. Ìyẹn burú, àmọ́ ó sábà máa ń kìlọ̀, òórùn jíjó á ti máa wọlé. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti ọ́ìlì bíréèkì.

Ohun olómi kì í fún pọ̀, bó ti wù kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ tó. Ìdí nìyẹn tí agbára ẹsẹ̀ yín fi ń dé ọ̀dọ̀ pádì. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì yìí ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, bí iyọ̀ ṣe máa ń rin lásìkò òjò. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára ìgò. DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 205 °C. Tó bá ti mu omi tó nǹkan bíi 3.7 nínú ọgọ́rùn-ún, 140 ni wọ́n fi lélẹ̀ fún un. DOT 4 bẹ̀rẹ̀ láti 230, ó já sí 155. DOT 5.1 bẹ̀rẹ̀ láti 260, ó já sí 180. Tó bá wá hó, gáàsì dé inú páìpù nìyẹn, gáàsì sì ń fún pọ̀ bíi fóòmù. Ẹ tẹ bíréèkì, ó rì lọ sílẹ̀ bọ̀ọ̀, kò mú nǹkan kan.

Ẹ ní kí mẹkáníìkì fa ti àtijọ́ jáde pátápátá, kó rọ tuntun sí i, kó sì yọ gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. DOT 4 tó dáa tàbí 5.1 ni kẹ́ ẹ lò, tí ìwé ọkọ̀ bá gbà á. Ìgò tó ti wà ní ṣíṣí lórí tábìlì láti ọdún tó kọjá, ẹ má gbà á, kódà lọ́fẹ̀ẹ́. Òjò Ọ̀yẹ́ ti bá yín bomi là á. DOT 5 ńkọ́? Sílíkónì nìyẹn, òun àti 5.1 kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, ẹ má pò wọ́n.

Bó bá dà bíi pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó lèyí, ẹ wo Síẹ́nà tó kún fún èrò àti ẹrù, tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè lọ sí ìhà Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Kò sáré bíi ti pápá, ṣùgbọ́n ó wúwo, ẹsẹ̀ awakọ̀ ò sì kúrò lórí bíréèkì. Irú ooru kan náà ni, irú ọ́ìlì kan náà ni. Awakọ̀ tó bá mọṣẹ́ á fi jíà kékeré sọ̀, kí ẹ́ńjìnì bá a fa ọkọ̀ náà sẹ́yìn.

Ó ku táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Tòkunbọ̀ tó ti lo ọdún mẹ́wàá, ẹ má gbé e lọ, bó ti wù kí ojú rẹ̀ jin tó. Afẹ́fẹ́ inú táyà náà ń gbóná: ẹ fẹ́ ẹ dé 30 psi ní 25 °C, tí inú rẹ̀ bá dé 80 °C, géèjì á fi nǹkan bí 38 hàn, táyà á sì wú, kò ní di ilẹ̀ mú dáadáa mọ́. Ẹ mú géèjì tiyín dání, ẹ wọ̀n ọ́n ní gbígbóná, ẹ yọ díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń lọ sílé, ẹ fẹ́ ẹ padà o, torí tó bá tutù á lọ sílẹ̀ jù.

Ìyókù kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ rí i pé ọ́ìlì ẹ́ńjìnì kún tó, ẹ di nọ́ọ̀tì táyà dáadáa, ẹ kó jáákì, ìgò omi àti gbogbo ohun tó lè yí kiri kúrò nínú ọkọ̀. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìbánigbófò yín bóyá wọ́n gba ti pápá, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í gbà á.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán, ẹ fi ìyípo kan wà á jẹ́ẹ́jẹ́, láìtẹ bíréèkì púpọ̀, kí atẹ́gùn fẹ́ dísìkì. Tẹ́ ẹ bá dúró, ẹ má fa bíréèkì ọwọ́, kí pádì má baà lẹ̀ mọ́ irin gbígbóná. Ẹ fi jíà kan sí i, ẹ fi igi dí táyà. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wo bí pádì ṣe kù tó, torí mọ́tò yẹn náà lẹ ṣì máa gbé délé.