Owó Ọkọ̀ Tí Jésù San

Ọmọ mi, wọ́n ti sọ fún mi. Wọ́n ní lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, o dìde nínú kíláàsì, o sọ fún ìyá arúgbó kan pé kì í ṣe gbogbo ayé ni Jésù kú fún. Ìyá tó ti ń ka Bíbélì kí wọ́n tó bí màmá rẹ. Ó bú sẹ́kún, ìwọ sì ń ṣí ìwé, ò ń wá ẹsẹ mìíràn tí o máa sọ lù ú. Ilé wa kì í pa àgbà lẹ́kún nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Jókòó. N kò pè ọ́ láti nà ọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ìpàdé ńlá tí wọ́n ṣe ní Dordrecht, ní Holland, ní 1618, ó wọ 1619 kí wọ́n tó dá àwọn ọmọ ẹ̀yìn Arminius, tó ní gbogbo ayé ni Jésù kú fún, lẹ́bi. Òṣèlú ti kó sí i. Wọ́n bẹ́ orí Oldenbarnevelt, àgbà ìlú tó gbè sẹ́yìn wọn, lẹ́ni ọdún 71.

Kí ni wọ́n ń jà lé lórí? Àwọn tí Jésù kú fún ni. Ká sọ pé ẹnì kan san owó ọkọ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Calvin, tó dá wọn lẹ́bi, ní ó ti mọ àwọn tirẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé gáréèjì. Orúkọ wọn ló sọ fún kọ̀ńdọ́kítọ̀, ọ̀kan nínú wọn ò sì ní ṣẹ́ kù. Àwọn ará Wesley, tó gba ti Arminius lẹ́yìn náà, ní ó san fún gbogbo èrò gáréèjì, àmọ́ ẹni tó bá kọ̀ tí kò wọlé, ibẹ̀ ni yóò sùn. Ṣé o rí i? Tọ̀tún tòsì ló gbà pé ọkọ̀ á lọ, àwọn kan ò ní sí nínú rẹ̀. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé àkúnlẹ̀yàn Yorùbá náà ni ti Calvin yẹn. Ẹni tó kúnlẹ̀ ló yan tirẹ̀; ti Calvin, Ọlọ́run ló yàn án.

Ọ̀dọ̀ àwọn ará Wesley ni mo jókòó sí ní tèmi. Bíbélì wa pe ikú Jésù ní ètùtù. Bí wọ́n bá sì ń ṣe ètùtù ìlú, wọn kì í fo ilé ẹnì kan. (Àlàyé arúgbó nìyẹn o, má gbé e lọ síwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n.)

Ìjà tó dùn mí jù ni ti Wesley àti Whitefield, oníwàásù méjì tó jẹ́ ọ̀rẹ́. Ọdún 11 ni Wesley fi ju Whitefield lọ. Oxford ni wọ́n ti jọ ń gbàdúrà. Ní 1739, àbúrò yìí ló ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n sí Bristol, tó fi ìwàásù ìta gbangba hàn án. Kò pẹ́, ẹ̀gbọ́n wàásù tako àyànmọ́ tí àbúrò gbà gbọ́. Àbúrò bẹ̀ ẹ́ kó má tẹ̀ ẹ́ síwèé. Ẹ̀gbọ́n ti ṣẹ́ kèké! Kèké ti ní kó wàásù, kó sì tẹ̀ ẹ́. Àbúrò ti dojú kọ Amẹ́ríkà kí ìwé tó jáde. Lọ́jọ́ tí Kérésìmesì ku ọ̀la ní 1740, Whitefield fèsì láti Georgia, ó sì tú àṣírí kèké náà fáyé gbọ́. Ó padà tọrọ àforíjì lórí ìyẹn.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń lá ọbẹ̀ tó gbóná. Ní oṣù Kejì 1741, àwọn kan tẹ lẹ́tà ìkọ̀kọ̀ tí Whitefield kọ sí Wesley, wọ́n ń pín in lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn Wesley ní London. Wesley gbé ọ̀kan dání níwájú ìjọ. Ó ní ohun tí Whitefield ìbá ṣe ká ní ó wà níbẹ̀ lòun fẹ́ ṣe. Ó fà á ya. Gbogbo ìjọ fa tiwọn ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Èmi ò ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìhà ibi tí o wà lónìí ni mo sì wà. Ìyá ọ̀rẹ́ mi kú, ọ̀rẹ́ tí a jọ ń kọ béèsì nínú ẹgbẹ́ akọrin. Lálẹ́ àìsùn, à ń jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lábẹ́ kánópì. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Màmá á ti dé ọ̀run báyìí, àbí?" Àmín péré ló ń retí. Mo ní, "Bí wọ́n bá wà lára àwọn tí a yàn." Ó gbé ẹ̀kọ sílẹ̀. Ó rọra nu ọwọ́ mọ́ ewé. Ọdún mẹ́sàn-án ni kò fi tẹ ẹnu ọ̀nà mi. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀kan lára àkísà mi nìyẹn.

Whitefield kú sí Amẹ́ríkà ní 1770. Ó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé Wesley ni kó wàásù òkú òun. Ní oṣù Kọkànlá, arúgbó ọlọ́dún 67 yẹn dúró níwájú ìjọ àbúrò rẹ̀ ní London, ó ṣe é, kò sì hú ìjà àtijọ́ jáde. Àwọn kan tún bínú pé kò mẹ́nu kan àyànmọ́.

Lọ́la, kí o tó lọ síbi iṣẹ́, ya ilé ìyá arúgbó náà. Dọ̀bálẹ̀ gbalaja, má kàn na ìka kan ilẹ̀ bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Iṣu méjì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mú un dání. Ìwé yẹn, fi í sílẹ̀ sórí tábìlì.