Ìwé Àkọsílẹ̀ ní Ilé Òògùn

Ìbéèrè: Ẹ̀yin Olóòtú, apòògùn ni mí ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn ilé Olúyọ̀lé. Mo mọ àwọn oníbàárà mi bí ẹni mowó. Kí ni mo tún fẹ́ fi ìwé àkọsílẹ̀ nípa wọn ṣe?

Ìdáhùn: Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ìyá arúgbó tí ó ra lisinopril lọ́dọ̀ yín nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru lè padà wá lẹ́yìn oṣù méjì láti ra òògùn ikọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni òògùn ìjọsí gan-an lè jẹ́ òun ló gbé ikọ́ gbígbẹ náà dé; ta ni yóò rántí bí kò ṣe ìwé? Eugene White, apòògùn ní ìlú Berryville ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í lo irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí 1960.

Ẹ ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí orúkọ, ọjọ́ orí àti òògùn tí ara rẹ̀ kọ̀ wà lókè. Nígbàkígbà tí ó bá yà, kí ẹ kọ ohun tí ó fẹnu ara rẹ̀ sọ, ohun tí ẹ wọ̀n tàbí tí ẹ fojú rí, ohun tí ẹ rò pé ó fà á, àti ohun tí ẹ ṣe, pẹ̀lú ọjọ́ àbọ̀. Ẹ̀kẹta nínú wọn ni ọ̀pọ̀ ń fò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọgbọ́n apòògùn wà. Ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ ti ìwé náà pa o, ọmọ ọjà kì í pa àṣírí mọ́.