Atúmọ̀ Yàtọ̀ sí Ahùmọ̀

Kí èèyàn túmọ̀ ọ̀rọ̀ ni pé kó tú ohun tó wà nínú rẹ̀ síta fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Kó hùmọ̀ ni pé kó jókòó, kó fi orí ara rẹ̀ ro nǹkan jáde. Láti ara túmọ̀ la ti rí atúmọ̀ èdè. Ẹni tí kò wá kọ́ṣẹ́ náà, tó kàn ń dá ìtumọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wù ú, ahùmọ̀ èdè ni kí ẹ bá mi máa pè é. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ á ní kò tíì gba fúrídọ̀ọ̀mù tó fi lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ ṣí ìwé atúmọ̀ èdè tí ahùmọ̀ ṣe síbi tó kọ "ogun" sí. Ẹ ó bá ìjà àwọn ọmọ ogun níbẹ̀, ẹ ó bá ohun tí bàbá fi sílẹ̀ fọ́mọ, òrìṣà onírin, odò tó ṣàn gba Abẹ́òkúta kọjá, àti egbòogi, gbogbo wọn lábẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò lámì lórí. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ márùn-ún ni: ogun, ogún, Ògún, Ògùn, oògùn. Ọmọ tó bá tinú irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọ́ Yorùbá lè ní òun fẹ́ jagun bàbá òun, nígbà tó jẹ́ pé ó fẹ́ jogún rẹ̀ ni.

Ahùmọ̀ tún máa ń sá fún ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu aráyé. Bó bá kan tẹlifíṣọ̀n, "ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán" nìkan ni yóò kọ. Ọ̀rọ̀ náà dáa, àwọn oníròyìn ń lò ó. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n lẹni tó ń tà á àti ẹni tó ń tún un ṣe ń pè é. Atúmọ̀ gidi á kọ méjèèjì, á sì sọ ibi tí wọ́n ti ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tòní. Ajayi Crowther ti gbé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tirẹ̀ jáde lọ́dún 1843. Lọ́dún 1958, ìwé atúmọ̀ èdè ti R. C. Abraham jáde, tó fi Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ Yorùbá. Ọdún náà ni ti Isaac Delano jáde, tó fi Yorùbá túmọ̀ Yorùbá. Àṣìṣe ò lè ṣàìsí nínú wọn: a kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Àmọ́ iyán ni wọ́n gún, wọn ò po ẹrẹ̀ fún wa.

Ẹ̀yin òbí tó fẹ́ ra ìwé atúmọ̀ fọ́mọ, ẹ kọ́kọ́ wá "ọkọ" nínú rẹ̀. Bí ẹ bá bá ọkọ ìyàwó, ọkọ́ àgbẹ̀ àti ọkọ̀ ojú omi lójú kan náà, ẹ dá ìwé náà padà fẹ́ni tó ń tà á.