Ìtàn Ẹlẹ́nu Méjì

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òwe yìí ni ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé máa ń gbẹ́kẹ̀ lé bó bá fẹ́ fi olú ẹ̀dá ìtàn méjì kọ ìwé: ọkọ á rojọ́, ìyàwó á rojọ́, òǹkàwé ni yóò dájọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ló ní ẹni tó bá lé eku méjì yóò pòfo. Mo ti ka àfọwọ́kọ tó pòfo rí, tí iṣẹ́ ẹni kejì inú rẹ̀ kò ju kó máa tún ohun tí ẹni àkọ́kọ́ ti wí wí.

Ohun tó ń sọ ènìyàn méjì di dandan ni pé kí ọ̀kan mọ ohun tí èkejì kò mọ̀, kí ohun náà sì tó tú ilé ká. Wo Stay With Me tí Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ kọ, tó jáde lọ́dún 2017. Tọkọtaya tó ń wá ọmọ ni Yéjídé àti Akin, Iléṣà ni wọ́n ń gbé. Àfi gbàrà tí ẹbí wọlé dé pẹ̀lú ọmọge kan, wọ́n ní ìyàwó tuntun Akin nìyí. Yéjídé kò gbúròó rí. Akin ti mọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ lásán nìyẹn o, àṣírí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣì wà níkùn Akin, n kò sì ní tú u fún ẹni tí kò tíì kà á. Ká ní Yéjídé nìkan ló ń sọ̀rọ̀ ni, à bá kàn bínú sí ọkọ rẹ̀. Nígbà tí Akin náà lanu, ìbínú wa kò mọ ibi tí yóò bà sí mọ́.

Kì í ṣe gbogbo ìtàn ẹni méjì ló nílò ẹnu méjì. Nínú My Sister, the Serial Killer tí Oyinkan Braithwaite kọ (2018), Kòrédé àti Ayọ̀ọlá ló jọ ni ìtàn, ṣùgbọ́n Kòrédé nìkan ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ní ojú-mi-ló-ṣe. Àbúrò ń pa ọ̀rẹ́kùnrin, ẹ̀gbọ́n ń nu ẹ̀jẹ̀. Bí a bá gbọ́ èrò ọkàn Ayọ̀ọlá pẹ́nrẹ́n, ẹ̀rù rẹ̀ kò ní bà wá tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Kọ́kọ́ bi ara rẹ léèrè, ta ló yẹ kó dákẹ́?

Bí àwọn méjèèjì bá gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, má fi ohùn kan náà sí wọn lẹ́nu. Ká ní ọmọ méjì wọ yàrá bàbá wọn lẹ́yìn ìsìnkú. Àkọ́bí á wò yíká: ìwé ilẹ̀ dà? Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ àpótí wà? Àbíkẹ́yìn á rí bàtà tí bàbá bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ lápá kan, á jókòó tì í. Bo orúkọ tó wà lókè orí kọ̀ọ̀kan, kí o fún ọ̀rẹ́ rẹ kà. Bí kò bá tètè dá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọ̀, iṣẹ́ ṣì kù. Má sì máa pààrọ̀ wọn bí ẹni ń ta ayò, tìẹ kan, tèmi kan. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti gbóná tán ni kí èkejì ti gbà á.

Ìtẹ̀jáde wá ńkọ́? Lẹ́tà, àkópọ̀ ìtàn àti orí mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ aṣojú òǹkọ̀wé ní London ń kọ́kọ́ béèrè. Bí ẹni kejì rẹ bá di orí karùn-ún kó tó yọjú, wọn ò ní mọ̀ pé ó wà láyé. Nínú lẹ́tà náà, má to ìgbésí ayé àwọn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀ràn kan ṣoṣo tó so wọ́n pọ̀ ni kí o sọ. Aṣojú gidi kì í gba kọ́bọ̀ ṣáájú. Ìgbà tí ìwé bá tà ni yóò yọ tirẹ̀, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ló sì wọ́pọ̀. Kò pọndandan kó jẹ́ òkè òkun náà: Ouida Books ní Èkó ló tẹ Stay With Me fún àwa ará ilé. Bó bá sì jẹ́ Yorùbá lo fi kọ ọ́, ìwọ kọ́ lo máa kọ́kọ́ dán an wò; ẹnu tó sọ ìtàn Ọmọ Olókùn Ẹṣin tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ ju ọ̀kan lọ. Fi àmì ohùn sí i pé pérépéré kí o tó fi ránṣẹ́.

Ẹnìkan ní ń bímọ, igba ènìyàn ní ń bá a wò ó, nítorí náà ẹnìkan á ní kí o yọ ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì kúrò. Má bínú, má sì yára yọ ọ́. Béèrè orí tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sú u. Bí ẹlòmíràn bá tún dárúkọ orí kan náà, orí yẹn ni kí o tún kọ.