Ìkòkò Tí A Fi Ń Se Oúnjẹ Ìdílé: Kí Ni Kí Á Wò Kí Á Tó Rà Á?

  

Ẹ̀yin ará wa nínú Islam, nínú Suratul Baqarah, aya 168, Ọlọ́hun so ohun méjì pọ̀ lórí oúnjẹ wa: kí ó jẹ́ ẹ̀tọ́, kí ó sì dára. Púpọ̀ nínú wa kì í fi ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ṣeré. A máa ń béèrè ẹni tó pa ẹran, a sì máa ń béèrè bóyá ó dárúkọ Ọlọ́hun sí i. Ṣùgbọ́n ẹran tó jẹ́ ẹ̀tọ́ yìí, inú ìkòkò wo ni a sè é sí? Ààwẹ̀ ń bọ̀, àwọn ìyá wa sì ti ń bi wá nílé òògùn àti ní mọṣáláṣí nípa ìkòkò ńlá tí wọn yóò rà. Ìdí tí a fi yan ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà wa ni ìkòkò tó nípọn, tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń rọ láti ara alumíníọ́mù àlòkù: ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, rédíétọ̀, páànù tó ti gbó, ohunkóhun tó bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́. A kò bá iṣẹ́ wọn jà o, òógùn ojú wọn ni wọ́n ń jẹ. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè sọ ohun tó wà nínú àlòkù tí a yọ́ pọ̀ bẹ́ẹ̀? Ní ọdún 2014, àwọn olùwádìí gbé àbájáde àyẹ̀wò irú ìkòkò yìí tí wọ́n rọ ní Cameroon jáde. Wọ́n bá òjé níbẹ̀, òjé náà sì ń jò wọnú ohun kíkan tí wọ́n sè nínú rẹ̀. A kò lè fojú rí òjé nínú ọbẹ̀, ahọ́n kò sì lè tọ́ ọ wò. Ọpọlọ ọmọdé ni ó ń bà jẹ́. Ọmọ tó yẹ kó tètè há Àlùkùráánì sórí lè di ẹni tí ohun tí a kọ́ ọ kì í dúró. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kan tí a mọ̀ tí kò léwu. Ẹ rántí Zamfara ní ọdún 2010, níbi tí òjé láti ibi ìwakùsà góòlù ti pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọdé. Ti ìkòkò kì í ya wọlé bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni, ìdí nìyí tí a kì í fi í fura.

Ẹ wá wo oúnjẹ tiwa. Ògì ti kan kí á tó gbé e kaná, òun sì ni a kọ́kọ́ ń fún ọmọ ọwọ́. Tòmátò kan. Zóbò tí a fi ń ṣínu kan. Ohun kíkan a máa jẹ alumíníọ́mù. Káún tí a ń fi sí ewédú àti ẹ̀wà, bí kò tilẹ̀ kan, ń jẹ ẹ́ bákan náà. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa ni kó ṣọ́ra jù, torí kíndìnrín ló ń tú alumíníọ́mù jáde lára.

Ìkòkò irin tí kì í dípata, èyí tí a ń pè ní sìténlẹ̀ẹ̀sì, ni a ń gbà yín nímọ̀ràn láti rà. Kúrómíọ́mù inú rẹ̀ ló ń dá awọ tín-ín-rín bo irin náà, tí ohun kíkan kì í fi í ráyè jẹ ẹ́. Ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá rí 18/8 tàbí 18/10, kúrómíọ́mù jẹ́ 18 nínú 100, níkẹ́ẹ̀lì sì jẹ́ 8 tàbí 10. Òmíràn a kọ 304. Àwọn kan máa ń mú òòfà lọ sọ́jà, nítorí òòfà kì í sábà lẹ̀ mọ́ 304. Ó dára, ṣùgbọ́n irin olówó pọ́ọ́kú kan wà, 201, tí níkẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kéré, tí òòfà kì í sábà lẹ̀ mọ́ òun náà, tó sì ń tètè dípata. Òòfà nìkan kò tó ẹlẹ́rìí.

Ìdí ìkòkò ló ṣe pàtàkì jù lójú tiwa. Irin yìí kì í tan ooru káàkiri dáadáa. Bí ìdí rẹ̀ bá fẹ́lẹ́, ibi tí iná gáàsì ti ń jó ni yóò jóná, tí ìrẹsì ẹ̀gbẹ́ kò sì ní tíì jinná. Ẹ wá èyí tí wọ́n fi alumíníọ́mù há àárín irin méjì ní ìdí. Alumíníọ́mù yẹn kò kan oúnjẹ rárá. A ti ra èyí tó fẹ́lẹ́ rí fún oúnjẹ ìṣínu ní mọṣáláṣí, torí pé ó ń dán, owó rẹ̀ sì rọrùn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni jọ̀lọ́ọ̀fù jóná mọ́ ọn nídìí. Búrẹ́dì ni àwọn alààwẹ̀ fi ṣínu.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta odidi sẹ́ẹ̀tì fún yín. Ẹyọ kan tó gba lítà 10 tó fún ìdílé ẹni mẹ́fà sí mẹ́jọ, yóò se ẹ̀wà, ọbẹ̀, zóbò àti ẹran Iléyá. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wò. Kí ọwọ́ rẹ̀ má mì, kí ìdérí rẹ̀ sì bá ẹnu rẹ̀ mu, nítorí Ànábì wa (SAW) ti kọ́ wa láti máa bo ohun èlò wa lálẹ́.

Ìkòkò ńlá ní ewu tirẹ̀ o. Ìrẹsì tí a sè fún ìṣínu, tí a fi sílẹ̀ nínú ìkòkò títí di sààrì: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á tutù, àárín rẹ̀ á ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ibẹ̀ ni kòkòrò tí sísè kò pa tán ti ń pọ̀ sí i. Oró tí òmíràn nínú wọn bá ti tu sínú ìrẹsì, gbígbé e kaná padà kò lè mú un kúrò. Kí wákàtí 2 tó pé, ẹ bù ú sínú abọ́ tí kò jìn, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì. Bí kò bá sí iná mànàmáná, ìwọ̀n tí ẹ lè jẹ tán ni kí ẹ sè.

Ìkòkò tuntun, ọṣẹ àti omi gbígbóná ni kí ẹ kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́. Ẹ wá se omi àti ọsàn wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ dà á nù, nítorí ìgbà tó bá ṣì tuntun ni níkẹ́ẹ̀lì ń jò jù, pàápàá fún ẹni tí yẹtí olówó pọ́ọ́kú máa ń yún lára. Ẹ jẹ́ kí omi hó kí ẹ tó da iyọ̀ sí i. Iyọ̀ tó bá jókòó sí ìdí ìkòkò tútù a máa lu ihò wẹ́wẹ́ sí i. Kànrìnkànrìn ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ má lo wáyà, ẹ má sì rẹ ẹ́ sínú bílíìṣì.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tíì tó, kí ó kọ́kọ́ ra kékeré fún ògì ọmọ. Kí ó má se ohun kíkan nínú ti àtijọ́ mọ́, kí oúnjẹ má sì sùn sínú rẹ̀.

Ìyá wa kan bi wá pé, bí òun bá ti ra tuntun, kí ni kí òun fi èyí àtijọ́ ṣe? Ẹ má fi ṣe sàráà fún aládùúgbò, ọmọ tirẹ̀ náà ní ọpọlọ. Ẹ má tà á fún àwọn tó ń ra páànù àlòkù, inú ìkòkò mìíràn ni wọn yóò yọ́ ọ sí. Tiwa wà lẹ́yìn ilé. Èédú ni a ń kó sí i.