Ta Ló Fún Ọ Lọ́bẹ, Àjọkẹ́?

Àjọkẹ́, jókòó. Gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Àbúrò mi pè mí lánàá, ohùn rẹ̀ ti ha. Ó ní láti ọjọ́ Àìkú lo ti ń bá òun yan odì, àti pé nígbà tí òun bi ọ́ bóyá o ti dárí ji òun, o ní ẹ̀mí rẹ ti dárí jì í, ọkàn rẹ ló ṣì ń bínú. Ọmọ yìí! Ṣé ohun tí o rí kọ́ nínú ẹ̀kọ́ Bíbélì nìyẹn?

Mi ò ní kó o má kọ́ ọ o. Inú mi dùn pé ò ń kàwé. Pọ́ọ̀lù náà gbàdúrà fún àwọn ará Tẹsalóníkà pé kí Ọlọ́run pa ẹ̀mí, ọkàn àti ara wọn mọ́. Ẹnu wa pàápàá mọ ìyàtọ̀ wọn. Ọkàn ló ń balẹ̀, òun ló ń fà sí nǹkan, òun ló ń pòrúùru. Ẹ̀mí ní tirẹ̀, bó bá ti bọ́, ó di ọ̀dọ̀ Ẹni tó mí i síni nínú. Ní Gẹtisémánì, ọkàn ni Jésù ní ó ń káàánú títí dé ojú ikú. Lórí àgbélébùú, ẹ̀mí ló fi lé Baba lọ́wọ́. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an.

Ṣùgbọ́n wá ka Jòhánù fún mi. Ní orí 12, Jésù ní ọkàn òun dàrú. Psyche ni wọ́n kọ ní Gíríìkì. Ṣí i dé orí 13, níbi tó ti ń sọ pé ọ̀kan nínú wọn máa da òun. Ó tún dàrú, àmọ́ pneuma ni Jòhánù kọ síbẹ̀, ẹ̀mí. Ṣé o rí i? Nígbà tí ọ̀rọ̀ dun Jésù, kò sí apá kan nínú rẹ̀ tó jókòó jẹ́ẹ́, tó ń sọ pé kò kan òun.

Ìwé Hébérù sọ ẹni tó lè pín ọkàn àti ẹ̀mí níyà. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni, ó mú ju idà olójú méjì lọ. Àjọkẹ́, kì í ṣe ìwọ. Ó sì ń pín in kí èrò inú wa lè hàn síta ni, kì í ṣe kí á rí kọ̀rọ̀ tí a ó máa tọ́jú ìbínú sí. Ta ló wá fún ọ lọ́bẹ?

Mo mọ̀ pé àbúrò mi já ọ kulẹ̀ níwájú àfẹ́sọ́nà rẹ. Kò dáa, mo sì ti bá a wí. Bí inú bá ṣì ń bí ọ, sọ pé inú ń bí ọ, màá gbọ́. Ohun tí mi ò gbà ni kó o sọ pé ẹ̀mí rẹ ti dárí jì í, kó o má sì kí i láàárọ̀.

Ó yá, mú fóònù náà. Má kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ o, ohùn rẹ ló fẹ́ gbọ́. Mo jókòó tì ọ́ níbí.